Kí Ló Gbé “On” Dé Inú Bọ́ọ̀sì?

*Ìyá wa Tísà, okun o. Ọmọ Mọ̀pà ni mí, ẹ̀kọ́ ìṣègùn ni mo ń kọ́ ní Riga, olú-ìlú Latvia. Ìyá àgbà tí mo gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní Ireland, wọn ò sì gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa mọ́. Alaalẹ́ ni mo ń bá a kà á. Lánàá, ó ní “I am in the bus.” Mo ní “on the bus” ni. Ó bi mí pé ṣé òrùlé bọ́ọ̀sì lòun jókòó sí ni. Ẹnu mi wọhò, torí inú bọ́ọ̀sì lèmi náà ń wọ̀ láti kékeré. Kí ni kí n sọ fún un? — Ọmọ Mọ̀pà, Riga*

Ọmọ mi, okun o. Kú àjò, kú òtútù. Bá mi kí ìyá náà, ìbéèrè gidi ló béèrè.

Ní ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà ní Ìsánlú, ọmọbìnrin kan kọ ọ́ sínú àròkọ rẹ̀ pé “My father is in the farm.” Mo fi bírò pupa fagi lé “in”, mo kọ “on” sí i lókè. Ọmọ náà dìde, ó ní, “Tísà, ṣé orí oko ni bàbá mi dúró lé ni? Àárín ẹ̀gẹ́ ló wà o. Téèyàn bá dúró lójú ọ̀nà, kò lè rí i.” Mo ní kó jókòó, pé bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí títí dòní. Ọmọ béèrè ohun tó mọ́gbọ́n dání, mo pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tó yẹ kí n sọ fún un lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ báyìí.

Kọ́kọ́ wo bí àwa ṣe ń sọ ibi tí nǹkan wà. “Ní” kan ṣoṣo la mú, a wá ń fi ẹ̀yà ara tì í lẹ́yìn. Ní orí di lórí, ní inú di nínú, ní ẹ̀yìn di lẹ́yìn. A wà lẹ́nu iṣẹ́, a wà lójú ọ̀nà, ìlú kan wà lẹ́sẹ̀ òkè, ilé kan wà létí odò. Lẹ́nu wa, tábìlì ní orí, ọ̀nà ní ojú, odò ní etí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọmọ Ìsánlú yẹn ṣe gbọ́ “on”, orí gan-an ló rí: ó rí bàbá rẹ̀ tó dúró lé oko lórí.

Ti àwọn ará Latvia yàtọ̀. Ìparí ọ̀rọ̀ orúkọ ni wọ́n ń yí. Ìyá náà á sọ pé Rīga ni orúkọ ìlú òun, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ sọ pé òun wà ní Riga, á ní Rīgā. Fetí sílẹ̀ nígbà tó bá ń pè é: ó kàn fa “a” tó kẹ́yìn gùn ni. Ilà tó wà lórí “a” yẹn kì í ṣe àmì ohùn bíi tiwa, ó ń sọ fún ẹ pé kí o fa fáwẹ̀lì náà. Gbogbo “ní” wa wà nínú ilà tín-ín-rín yẹn. Bọ́ọ̀sì ń jẹ́ autobuss, nínú bọ́ọ̀sì ń jẹ́ autobusā. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń jẹ́ mašīna, nínú rẹ̀ ń jẹ́ mašīnā. Ọ̀kan náà ni méjèèjì lójú rẹ̀, bí “nínú” ṣe kárí méjèèjì lójú tìrẹ. Òkúta kan náà lẹ jọ fẹsẹ̀ kọ.

Ojú mìíràn ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń wo ọkọ̀. Àwa ń gun ọ̀kadà, a sì ń wọ mọ́tò. Gẹ̀ẹ́sì ń gun bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ tí èèyàn ń gbẹ́sẹ̀ gòkè sí, tó sì lè dìde rìn láàárín ìjókòó, ìyẹn bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin àti bàálù, “on” ni tiwọn. Èyí téèyàn ń tẹ̀ ba wọ̀, tó jẹ́ pé bó bá ti wọ̀ ọ́ ó di ìjókòó, “in” ni. Rántí gáréèjì Kábà: ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ Àbújá wà “on the bus”, ẹni tí wọ́n fún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré tó ń lọ Ìsánlú wà “in the car.” Bí o bá délé lálẹ́, mú ìyá náà dé ibùdókọ̀, kí ẹ jọ wo bí àwọn èèyàn ṣe ń gòkè sínú bọ́ọ̀sì. Ó máa yé e ju kó o sọ ọ́ nígbà ogún lọ.

Ti oko ńkọ́? “Farm” lójú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀, ilé orí rẹ̀, ẹran ọ̀sìn, gbogbo rẹ̀ pátá. Ilẹ̀ téèyàn ń gbé lórí rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí bàbá bá wà láàárín ẹ̀gẹ́, “in the cassava field” ló tọ̀nà. Inú tí ọmọ yẹn rí, inú ni lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e nìkan ló ṣì mú.

Nítorí náà, má kọ́ ìyá náà ní ọ̀rọ̀ atọ́kùn, ìyẹn ọ̀rọ̀ bíi “in” àti “on”, ní òun nìkan. Kọ́ ọ pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn. Lédè tirẹ̀, atkarīgs no ni wọ́n ń sọ, “no” yẹn sì túmọ̀ sí “láti”, torí náà “depend from” ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ dípò “depend on.” Ìwọ ò ní ṣe àṣìṣe yẹn, torí a ti ní “ó dá lórí” nílé. Ẹ̀rù náà, láti ara ejò ló ń wá lédè wọn: bail no čūskām. Gẹ̀ẹ́sì ní “afraid of snakes.” Àwa kàn ń bẹ̀rù ejò ni, kò sí ọ̀rọ̀ atọ́kùn níbẹ̀ rárá. Ní ti rédíò, àwọn ń gbọ́ ọ láìfi nǹkan kan sí i, bíi tiwa, nítorí náà ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa gbàgbé “to” tó wà lẹ́yìn “listen.”

Àkànlò èdè ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ yìí. Àwa ń kọ́ nǹkan sórí. Àwọn ará Latvia mọ̀ ọ́n no galvas, láti orí. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbé e sọ́kàn: “by heart.” Sọ ìyẹn fún ìyá náà, kí ó rí i pé ọ̀dọ̀ wa ló sún mọ́. Tó bá sì dé “out of the blue”, má wulẹ̀ sọ fún un pé “lójijì” ni. Bi í léèrè ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Á ní kā zibens no skaidrām debesīm: bíi mànàmáná láti ojú ọ̀run tó mọ́ kedere. “Blue” náà nìyẹn, ojú ọ̀run ni! Ààrá tó sán nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni Gẹ̀ẹ́sì ń sọ, ìyá náà sì ti ní i lẹ́nu láti ọmọdé.

*Mọ́mì, èmi ni akọ̀wé ìjọ wa ní Ìyàrà. A fẹ́ tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ṣé “in time” ni kí n ní kí àlejò dé, àbí “on time”? — Akọ̀wé*

“On time” ni. Bí ìsìn bá jẹ́ aago mẹ́wàá, tí àlejò wọlé ní aago mẹ́wàá, ó dé “on time.” Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà Lọ́kọ́ja, tó wọlé ní aago méjìlá, àmọ́ tó bá ìyàwó níbi tí wọ́n ti ń súre fún un, ó dé “in time” láti ṣe àmín.