Ọ̀fun Ẹja Mi Wú, Kò sì Jẹun Mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Láti èṣí ni mo ti ń sin àrọ̀ kéékèèké méjì nínú àpótí gíláàsì ní pálọ̀ mi. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní Phyllonemus typus ni wọ́n ń jẹ́, pé adágún Táńgáníkà, ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ni wọ́n ti kó wọn wá. Ó di ọjọ́ mẹ́fà báyìí tí ọ̀kan ò jẹun mọ́. Abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ wú, abẹ́ àpáàdì ló ń wà ṣáá, èkejì sì ń lé gbogbo ẹja yòókù kiri. Aládùúgbò mi ní kí n da iyọ̀ àti oògùn sómi, kí n sì yọ aláìsàn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mo ti mú àwọ̀n lọ́wọ́ kí n tó ní kí n kọ́kọ́ bi yín. (Àbúrò yín, Bódìjà)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, gbé àwọ̀n yẹn sílẹ̀ ná. Ẹja rẹ ò ṣàìsàn. Ẹyin ló wà lẹ́nu rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu, torí àrọ̀ táwa mọ̀ n'Ìbàdàn kì í tọ́jú ọmọ. Ó yé ẹyin tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn tó ń sin ín tà á gún abo lábẹ́rẹ́, wọ́n á fún ẹyin rẹ̀ sínú abọ́, wọ́n á la inú akọ kí wọ́n tó rí àtọ̀ rẹ̀ lò. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀, ẹyin ti pa. Bàbá á ti dọbẹ̀ kí ọmọ tó dáyé.

Tìrẹ yìí, àti ìyá àti bàbá ló ń fẹnu gbé ẹyin. Bó o bá rí ẹrù lẹ́nu ọ̀kan lónìí, tó o bá a lẹ́nu èkejì lọ́jọ́ mìíràn, má pariwo. Ẹpìyà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìyá ló ń gbé e. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú ọ̀sà Èkó, Sarotherodon melanotheron, bàbá ló ń fẹnu gbé ọmọ. (Mo sọ èyí fún ọkọ mi, ó ní òun ò gbọ́.)

Bó o bá fẹ́ dá a mọ̀, dúró dalẹ́, kó o fi ọ̀rá pupa bo ojú tọ́ọ̀ṣì. Wo abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, má wo ikùn. Ikùn ni àìsàn sábà máa ń wú. Wà á rí i tí ẹnu rẹ̀ ń lọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tó ń fi omi yọ ẹnu láàárọ̀. Ẹyin ló ń yí, kómi lè kàn wọ́n yíká. Irùngbọ̀n rẹ̀ gígùn méjèèjì, tí orí wọn dúdú tó fẹ̀ bí ewé, á nà síwájú. Ẹja tó ń kú lọ kì í nà á báyẹn.

Oògùn ńkọ́? Má dá a láṣà. Ẹja tí kò ní ìpẹ́ ni, oògùn tí ẹja onípẹ́ á fara dà lè pa á. Yàtọ̀ síyẹn, bí o bá dà á láàmú, á gbé ẹyin mì. Èmi gan-an jẹ̀bi ẹ̀ rí. Àlejò wá kí mi lọ́jọ́ ọdún, ó ń yá mi lára láti fi hàn án, mo bá gbé ìkòkò sókè. Ẹja yẹn dúró sójú kan, ọ̀fun rẹ̀ lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kó tó dìrọ̀lẹ́, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ ti pẹlẹbẹ. Àlejò ṣì ń bi mí pé, "Ẹyin ọ̀hún dà?"

Àwọn ẹja yòókù ni kó o kó kúrò, kì í ṣe tọkọtaya. Omi Táńgáníkà le, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan sí) sún mọ́ 9. Omi kànga mi kì í tó 7. Ìkarahun ìgbín ni mo fi ń mú un le: mo ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìgbín, mo bọ̀ ọ́, mo fọ́ ọ, mo dì í sínú àpò àwọ̀n síbi tómi ti ń ṣàn kọjá. Díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa ṣe é o, pàápàá nígbà tí ẹyin bá wà lẹ́nu wọn. Ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ oníbátìrì sílẹ̀ pẹ̀lú, torí o mọ NEPA wa.

Bí wọ́n bá tú ọmọ sílẹ̀, Artemia ni kó o fún wọn, ìyẹn edé kéékèèké tí wọ́n ń ta ẹyin rẹ̀ nínú agolo. Àwọn tó ń sin ọmọ àrọ̀ tà ló ní in lọ́wọ́. Rẹ ẹyin náà sínú omi iyọ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ láti àná rẹ̀, kó lè pa. Bí wọ́n bá sì jẹ ẹyin àkọ́kọ́, má bínú. Tọkọtaya tuntun sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mà, ṣé lóòótọ́ ni pé àrọ̀ kan wà tó ń ti ọmọ rẹ̀ sẹ́nu ẹja ẹlòmíì? (Màmá Tóyìn, Mọ́kọ́lá)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Synodontis multipunctatus ni, adágún kan náà ni wọ́n ti wá. Bí ìyá ẹja tó ń fẹnu gbé ọmọ bá ń yé ẹyin lọ́wọ́, tọkọtaya wọ̀nyí á já wọ àárín, wọ́n á jẹ díẹ̀ nínú ẹyin, wọ́n á sì yé tiwọn sí i. Ìyá á sáré kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu. Tàlejò ló ń kọ́kọ́ pa, òun náà ló sì ń jẹ ọmọ onílé nínú ẹnu ìyá rẹ̀.

Àbúrò mi ní Bódìjà, bí ẹni tó ń tajà yẹn bá tún gbé Synodontis alámì tóótòòtó yìí wá, gíláàsì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.