Ẹyẹ gíga tí ẹ rí lóko ìrẹsì: ẹ fi ti funfun sílẹ̀ ná

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ǹlẹ́ o. Mo ka ìbéèrè yín. Ẹ̀ ń ti Beaumont bọ̀ ní Houston lóṣù keje, ẹ rí ẹyẹ funfun méjì nínú oko ìrẹsì nítòsí Winnie, orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹ̀yìn màlúù dọ́gba. Ọmọ yín ní whooping crane ni, ẹyẹ funfun gíga tó ṣọ̀wọ́n gan-an. Ọkọ yín ní lékeléke ni, pé kí ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹ wá fẹ́ mọ ẹni tó jàre nínú àwọn méjèèjì, àti ohun tí a lè pe ẹyẹ náà ní Yorùbá. Àwọn tó ti fèsì ṣáájú mi ní kò lè jẹ́ whooping crane láéláé, torí ìgbà òtútù nìkan ló máa ń wà ní Texas. Èmi náà ìbá ti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín sọ ohun méjì tó dá mi dúró: ẹ ní nígbà tí wọ́n fò, ṣóńṣó apá wọn dúdú, ẹ sì ní ọ̀kan nínú wọn ní ohun kan bí ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlẹ̀kẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná, màá padà débẹ̀.

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wá ẹyẹ yìí kí n tó rí i, ìtìjú ni mo sì fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ní ìparí oṣù kọkànlá, mo wakọ̀ láti Houston lọ sí Aransas, ilẹ̀ etí òkun tí ìjọba Amẹ́ríkà ti yà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹyẹ láti ọdún 1937. N kò tíì dé ẹnubodè tí mo ti rí ẹyẹ funfun kan lẹ́bàá títì. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ya fọ́tò bí ogójì, mo sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí lórí WhatsApp: “Ẹ wo ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó tán láyé!” Nígbà tí mo débi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, mo fi fọ́tò náà han ìyá àgbà òyìnbó kan. Ó wò ó títí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní cattle egret ni. Mo wá orúkọ yẹn nínú fóònù mi. Lékeléke! Kì í ṣe ẹyẹ tó jọ lékeléke o, lékeléke wa gan-an ni, èyí tó ń tẹ̀ lé màlúù nílé. Wọ́n fò láti Áfíríkà kọjá òkun dé Gúúsù Amẹ́ríkà ní nǹkan bí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, wọ́n sì ń bímọ lọ títí wọ́n fi gòkè dé Texas. Wọn kò gba físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo gba físà wá wakọ̀ wákàtí mẹ́ta lọ wò wọ́n.

Lọ́dún kejì mo ra bínókúlà, mo sì ti gbọ́n díẹ̀. Mo ti mọ̀ pé ẹyẹ tí mò ń wá tóbi, ó funfun, ṣóńṣó apá rẹ̀ sì dúdú. Mo gun ilé ìṣọ́ onígi tó wà ní Aransas, mo sì rí mẹ́ta tí wọ́n gbéra lókèèrè, funfun báláú, dúdú lápá. Mo pariwo débi pé gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ yíjú. Ọkùnrin tó dúró tì mí kò tilẹ̀ gbé awò tirẹ̀ sójú. Ó ní, “Pelican.” Ẹsẹ̀ kúkúrú, àgógó bí àpò, ọrùn tó ká wọ èjìká: gbogbo rẹ̀ ló wà níwájú mi, àmọ́ funfun àti dúdú nìkan ni ojú mi ń wá.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọ̀ funfun kò lè ran ènìyàn lọ́wọ́ ní etí òkun Texas. Ohun funfun ló kún ibẹ̀. Great egret ń bẹ, ìbátan lékeléke tó ga tó mítà kan, tí àgógó rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Snow goose ń bẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn nínú oko ìrẹsì, ṣóńṣó apá tiwọn náà dúdú, àmọ́ ẹsẹ̀ wọn kò ju ti pẹ́pẹ́yẹ lọ. Sandhill crane, ọmọ ìyá whooping crane, eérú ni àwọ̀ tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí oòrùn àárọ̀ bá ta sí i lára, ẹ ó búra pé ó funfun.

Ẹ wo bó ṣe ń fò dípò àwọ̀. Lékeléke àti gbogbo ìdílé rẹ̀ máa ń ká ọrùn tí wọ́n bá ń fò, bí ẹni tí òtútù ń mú. Whooping crane ń na tirẹ̀ gbọọrọ síwájú, ó sì na ẹsẹ̀ gbọọrọ sẹ́yìn, gbogbo rẹ̀ wá rí bí ọ̀kọ̀ tí wọ́n jù. Ó ń rọra fi apá lé atẹ́gùn lọ sísàlẹ̀, á wá já a sókè wéré. Nígbà tó bá dúró, ẹ kò ní rí dúdú kankan lápá rẹ̀, torí àwọn ìyẹ́ gígùn funfun bò ó, wọ́n sì rọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ìpèlé tí obìnrin so mọ́ ìdí. Nítorí náà, ẹni tó bá yà á ní fọ́tò ní ìdúró, tó wá ń wá dúdú apá nínú fọ́tò náà, á wá a tì.

Ó ga tó mítà kan àbọ̀, bí ọmọ ọdún méjìlá. Kò sí ẹyẹ mìíràn tó ga tó o ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Tó bá na apá, ó lé ní mítà méjì, síbẹ̀ gbogbo ara rẹ̀ kò ju kìlò mẹ́fà sí méje lọ, ẹsẹ̀ àti ọrùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Pupa tó wà lórí rẹ̀ kì í ṣe ìyẹ́, awọ ara ni, ó sì máa ń fẹ̀ sí i tí inú bá ń bí i. Dúdú kan tún wà láti ìdí àgógó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí ẹni tó dá irùngbọ̀n sí. Ọmọ rẹ̀ kì í funfun ní ọdún àkọ́kọ́, àwọ̀ ilẹ̀ pupa ló máa ń ní, tí funfun á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ láàárín rẹ̀.

Nínú ọ̀rọ̀ yín, wood stork, ẹyẹ funfun ńlá mìíràn, ni mo kọ́kọ́ fura sí, torí òun náà ń na ọrùn tó bá ń fò, ó sì máa ń wà ní Texas nígbà ooru. Àmọ́ tirẹ̀, dúdú náà gba gbogbo etí ẹ̀yìn apá láti ṣóńṣó dé ìdí, orí rẹ̀ sì pá. Ẹ ní ṣóńṣó nìkan ni. Ohun mìíràn tó máa ń gbà mí lọ́wọ́ àríyànjiyàn ni igi. Bí ẹyẹ náà bá bà sórí igi, kí ẹ má wulẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Ìka ẹ̀yìn ẹsẹ̀ whooping crane kéré, ó sì wà lókè jù, kò lè fi di ẹ̀ka mú. Ilẹ̀ ló ń rìn, inú omi tí kò jìn ló sì ń dúró sùn, kí ẹranko tó bá ń yọ́ bọ̀ lè ta omi sókè kó sì jí i.

Lọ́dún kẹta, mo jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ilé ìṣọ́, mo wọ ọkọ̀ ojú omi láti Rockport ní oṣù kìn-ín-ní. Òtútù gé mi létí. Kùrukùru bo gbogbo àbàtà, n kò rí nǹkan kan. Etí mi ló kọ́kọ́ rí i, bí mo bá lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohùn kan la kùrukùru kọjá, ó mú, ó ń dún bí fèrè irin, òmíràn sì gbè é lójú ẹsẹ̀. Akọ ń dá, abo ń gbè. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí kùrukùru ká díẹ̀, wọ́n mẹ́ta ló wà níbẹ̀: méjì funfun, ọ̀kan aláwọ̀ ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ki àgógó bọ omi, ó fa akàn kan jáde. Ó gbọ̀n ọ́n, ó là á mọ́lẹ̀ títí àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ fi já lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ju ìyókù sókè díẹ̀, ó sì gbé e mì. A rí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, kókó kan tó ń rìn nínú ọrùn gígùn yẹn. Ọmọ dúró tì í, ó ń wo ẹnu rẹ̀. N kò ya fọ́tò kankan.

Ohùn yẹn ló bí orúkọ rẹ̀. “Whoop” ni igbe tó ń ké létí àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Kòmóòkun rẹ̀ gùn tó mítà kan àbọ̀, apá kan nínú rẹ̀ sì ká wọ inú eegun àyà bí fèrè tí wọ́n ká. Ìdí nìyẹn tí a fi lè gbọ́ ọ láti ọ̀pọ̀ kìlómítà. Mark Catesby, tó kọ ìwé lórí ẹyẹ àti ewéko Carolina ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, kò gbọ́ ohùn náà rárá. Awọ ẹyẹ náà ni ọmọ ìbílẹ̀ kan fún un, ẹlòmíràn ló sì ròyìn igbe rẹ̀ fún un. Nígbà tó di 1758, Linnaeus, tó ń fún gbogbo ohun abẹ̀mí ní orúkọ Látìnì, kọ ọ́ sílẹ̀ ní Ardea americana. Ardea! Agbo lékeléke ló kó o sí. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ló gbé e lọ sí Grus, agbo tàwọn crane. Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín pé àṣìṣe òun lẹ́ni tó bá a pín in.

Ní ti Yorùbá, agùfọn ni àwọn àgbà ń pe ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó ní adé lórí, èyí tó wà nílé, ìdílé kan náà sì ni òun àti whooping crane. (Èyí tó wà nílé lè bà sórí igi ṣá o, òun àti ìbátan rẹ̀ kan ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà nìkan ló lè ṣe é nínú gbogbo wọn.) Torí náà, agùfọn ló yẹ ká máa fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé “lékeléke ńlá”, inú mi kì í dùn sí i rárá. Nínú ilé mi, agùfọn aké-tantan là ń pè é, torí igbe rẹ̀ ni gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n. N kò fipá mú ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn má wulẹ̀ tẹ “crane” nìkan sínú íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ní èbúté ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹyẹ yìí àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ẹ̀rọ náà lórúkọ, nítorí ọrùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ oṣù keje. Àwọn ti Aransas, òótọ́ ni pé wọn kì í sí níbí nígbà ooru. Oṣù kẹwàá sí ìkejìlá ni wọ́n ń dé, oṣù kẹta sí ìkẹrin ni wọ́n ń lọ, ìrìn bí 4,000 kìlómítà, títí dé Wood Buffalo ní Kánádà. Ibẹ̀ ni wọ́n ń yé ẹyin sí nínú àbàtà, kò sì sẹ́ni tó mọ ibẹ̀ títí di 1954, nígbà tí àwọn tó ń mójú tó iná igbó rí wọn láti inú ẹlikópítà. Ní 1941, àwọn tó wá sí Aransas kò tó 20. Lónìí wọ́n ti lé ní 500, tọkọtaya kọ̀ọ̀kan sì ń gbèjà àbàtà tirẹ̀, níbi tí akàn wà, tí èso pupa kéékèèké sì ń hù. Tí ọ̀dá bá dá tí omi náà bá ní iyọ̀ jù, wọ́n á fò lọ sí ilẹ̀ gbígbẹ lọ wá omi mu. Wọn kì í ṣe ẹyẹ tó ń tẹ̀ lé màlúù.

Ṣùgbọ́n agbo mìíràn wà ní Louisiana. Láti 2011 ni wọ́n ti ń tú wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn tó tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn dàgbà wọ aṣọ funfun tó bò wọ́n látòkè délẹ̀ bí ẹlẹ́yọ̀, wọ́n fi ère orí ẹyẹ bọ ọwọ́, kí ọmọ ẹyẹ má baà mọ ojú ènìyàn. Agbo yẹn kì í rìnrìn àjò lọ sí Kánádà. Oko ìrẹsì ni wọ́n ti ń jẹ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, wọn kò sì mọ ibi tí ààlà Texas wà. Wọ́n sì máa ń fi òrùka aláwọ̀ oríṣiríṣi sí wọn lẹ́sẹ̀, lókè oríkèé, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ yín nìyẹn. Ẹ bi ọmọ yín, ojú ọmọdé ń ríran jù tiwa lọ: àwọ̀ wo ló wà lókè, èwo ló wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni àbí òsì? Kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbàgbé, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ẹran ìgbẹ́ ní Texas tàbí Louisiana, wọ́n ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá tún gba ọ̀nà yẹn, ẹ má sún mọ́ wọn, inú ọkọ̀ ni kí ẹ ti wò. Ní ti ọkọ yín, ẹ sọ fún un kó tún wo ìsàlẹ̀ àwọn màlúù yẹn dáadáa. Lékeléke á wà níbẹ̀.