Lẹ́tà ọ̀gá ọkọ̀ ogun ọdún 1782: ṣé ojúlówó ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Maryland ni mo ń gbé. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kó ìwé àtijọ́ jọ, pàápàá lẹ́tà tí àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi fi ọwọ́ kọ nígbà tí Amẹ́ríkà ń jà fún òmìnira. Ẹnì kan fẹ́ ta lẹ́tà John Barry, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà yẹn, fún mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Boston, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1782. Ojú ewé kan péré ni, ó mọ́ tónítóní, ó sì wà nínú àpò lẹ́tà rẹ̀ tòun ti òǹtẹ̀ ìda pupa. Ẹni tó ń tà á ní kí n san àsansílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Mo fi ìbuwọ́lùwé rẹ̀ wé èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n jọra gan-an. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Inú mi dùn pé ẹ bèèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, nítorí ohun mẹ́ta ló ń kọ mí lóminú nínú àlàyé yín, ìbuwọ́lùwé kò sì sí lára wọn.

Nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé àtijọ́, ìbuwọ́lùwé la máa ń wò kẹ́yìn. Òun ni ẹni tó ń ṣe ayédèrú máa ń fi dánra wò títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi dán. Ohun tó máa ń gbàgbé ni ibi tí ẹni náà wà lọ́jọ́ tí lẹ́tà sọ pé òun ń kọ ọ́. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1781, Barry gbé ọkọ̀ Alliance kúrò ní Boston, ó ń gbé Lafayette, ọ̀gágun ọmọ Faransé tó bá Amẹ́ríkà jà, lọ sí Faransé. Nínú oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1782 yẹn gan-an, ojú òkun ló wà, lẹ́yìn náà èbúté Lorient ní Faransé. Wọ́n lè sọ fún yín pé bóyá ó ṣi ọdún kọ, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń ṣe nígbà tí ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí. Ṣùgbọ́n ọdún tó kọjá ni ọwọ́ ẹni máa ń yà sí. Bó bá ṣì í kọ lóòótọ́, a jẹ́ pé ọdún 1783 ló yẹ kó kọ, ọ̀nà àwọn erékùṣù Kàríbíà ló sì wà nígbà náà. Bí a ti yí i títí, Boston kò bọ́ sí i.

Ìkejì ni àpò lẹ́tà yẹn. Láyé Barry, bébà tí wọ́n kọ lẹ́tà sí náà ni wọ́n ń ṣẹ́ po, wọ́n á fi ìda lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n á wá kọ orúkọ ẹni tó ń lọ bá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Iye bébà ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìfìwéránṣẹ́. Ẹni tó bá fi bébà kejì bò ó yóò san ìlọ́po méjì. Àpò lẹ́tà bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló tó gbòde. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan tó ni lẹ́tà náà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló kó o sínú àpò, ìyẹn kò burú. Bí ó bá jẹ́ ara àpò ni ìda wà, tí kò sì sí àmì ìda lára lẹ́tà fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn lẹ́tà ránṣẹ́. Ẹ wá ojú ìṣẹ́po, àdírẹ́sì, àti ibi tí bébà ti ya díẹ̀ nígbà tí ẹni tó gbà á já ìda.

Ìkẹta ni ìkánjú ẹni tó ń tà á. Ìwé tó ti lo ọdún tó lé ní igba láyé kò lè bàjẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ti pé ó mọ́ tónítóní kò bà mí lẹ́rù. Àkísà ọ̀gbọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe bébà ìgbà yẹn, ó sì máa ń funfun ju ìwé ìròyìn ọdún mélòó kan sẹ́yìn lọ. Bí ẹ bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ óò sábà rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, nígbà míì pẹ̀lú àmì ẹni tó ṣe bébà náà. Láti ọdún 1794 ni àwọn oníbébà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọdún sínú àmì wọn. Bí ẹ bá bá 1797 nínú lẹ́tà ọdún 1782, ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn náà ni yíǹkì. Kókó ara igi óákù àti iyọ̀ irin ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n ń sè é bí àwọn álífáà wa ṣe ń se tàdáwà. Dúdú ni lákọ̀ọ́kọ́, ó ń di àwọ̀ ilẹ̀ bí ọjọ́ ti ń lọ, nígbà míì ó máa ń jẹ bébà. Robert Spring, tó ṣe ayédèrú lẹ́tà Washington ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, máa ń já ewé òfìfo láti inú ìwé àtijọ́, á sì fi kọfí pa á láró. Bébà rẹ̀ gbó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bébà tó ti gbó kì í gba yíǹkì tuntun dáadáa: etí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ máa ń fọ́n ká, yíǹkì á sì ṣàn wọ inú ojú ìṣẹ́po, nígbà tó jẹ́ pé kíkọ ló yẹ kó ṣáájú ṣíṣẹ́. Awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ti tó fún yíyẹ èyí wò.

Ẹ má ṣe lé ojúlówó dànù nítorí pé ọwọ́ tó kọ lẹ́tà yàtọ̀ sí ọwọ́ tó bu ọwọ́ lù ú. Akọ̀wé ọkọ̀ ló sábà ń kọ ọ́. Ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú kì í ṣe ẹ̀tàn, torí ọ̀tá lè gba ọkọ̀ tó gbé èyí àkọ́kọ́. John Paul Jones, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà bíi Barry, kọ lẹ́tà sí ìyàwó Earl Selkirk ní oṣù Karùn-ún ọdún 1778, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ọkọ̀ rẹ̀ kó fàdákà ilé obìnrin náà ní Scotland, ó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí Benjamin Franklin, aṣojú Amẹ́ríkà ní Faransé, pẹ̀lú. Ó ra fàdákà náà padà, ó sì dá a padà fún wọn. Lẹ́tà yẹn ṣì ń wú mi lórí títí dòní.

Bí wọ́n bá sì gbé lẹ́tà Nelson, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá fún yín, ọdún 1797 ni apá ọ̀tún rẹ̀ lọ ní Tenerife. Lẹ́tà rẹ̀ ọdún 1782 tó bá rí bí ìkọ̀wé ọwọ́ òsì, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó o jọ ni pé kó fi Jones sílẹ̀ ná. Gbogbo ayé ló ń du orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ló sì kú. Lẹ́tà Nicholas Biddle, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà míì, tilẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ Randolph bú gbàmù ní oṣù Kẹta ọdún 1778, èèyàn mẹ́rin péré ló yè. Ẹ lọ wá ìwé àwọn tí orúkọ wọn kò lókìkí: rìsíìtì ẹran oníyọ̀, ìbéèrè fún aṣọ ìgbòkun, ẹjọ́ owó ìkógun, ẹ̀sùn pé àwọn atukọ̀ ń sá lọ sínú ọkọ̀ aládàáni tí ìjọba fún láṣẹ láti kó ọkọ̀ ọ̀tá, nítorí pé owó pọ̀ níbẹ̀. Inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn náà gan-an, àwọn oníṣẹ́ ayédèrú kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu lórí wọn.

Ẹ bèèrè bí ó ṣe ti ọwọ́ dé ọwọ́ pẹ̀lú: ta ló tà á, gbàǹjo wo ló ti kọjá, rìsíìtì rẹ̀ dà? Bí wọ́n bá ti ha òǹtẹ̀ ilé ìkàwé kúrò lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ìwé iṣẹ́ ìjọba tó sọnù nínú àpamọ́, ìjọba lè gbà á padà lọ́wọ́ yín láìsan owó. Founders Online, ibi ìkó-lẹ́tà-jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gba owó, yóò fi èyí tó bá kan Washington, Franklin tàbí Adams hàn yín.

Nípa ìtọ́jú àwọn tí ẹ ti ní: ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ wọ́n, ẹ má lámínéètì wọn, ẹ má gbé wọn kọ́ síbi tí oòrùn ti ń ràn. Ẹ fọ ọwọ́, kó gbẹ dáadáa, kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n. Fáìlì tí kò ní ásíìdì, nínú yàrá tí kò ní ọ̀rinrin, ti tó.

Ní ti èyí tí wọ́n gbé wá yìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á: báwo ni Barry ṣe wà ní Boston lóṣù yẹn? Kí ẹ tó gba ìdáhùn tó múná dóko, ẹ fi owó yín sí àpò.