Kó o tó gba iṣẹ́ hospice, béèrè bówó ṣe ń wọlé fún wọn

Àbúrò mi tó béèrè láti Kubwa, tó ní kọ́ńpìnì kan ní Wuse fẹ́ gba òun láti máa tọ́jú àwọn aláìsàn tí oògùn ò lè wò sàn mọ́, tí dókítà ti ní kí wọ́n máa gbé lọ sílé, iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní hospice, tí ẹ̀gbọ́n ẹ tó wà ní Texas sì ń sọ pé iṣẹ́ kan náà lòun ń ṣe lọ́hùn-ún àmọ́ owó tòun jọjú, o wá ní kí ló dé táwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń sá kúrò nídìí ẹ̀. Mo ti ṣe é níbi méjèèjì. Mo ṣe é ní Houston fún ọdún púpọ̀ kí n tó padà sílé, Abuja ni mo ti ń ṣe é báyìí, torí náà jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Ikú kọ́ ló ń lé wọn o. Ẹni tíkú ń bà lẹ́rù, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti máa ń lọ. Àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà gan-an ló ń fi í sílẹ̀, ọ̀nà tówó ń gbà wọlé fún ọ̀gá wọn ló sì ń lé wọn.

Ní Amẹ́ríkà, Medicare, ètò ìlera tíjọba ń san fáwọn àgbàlagbà, ló ń sanwó hospice fún èyí tó pọ̀ jù. Láti 1983 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà á kọ̀wé pé bí àìsàn yìí bá ń lọ bó ṣe ń lọ, ẹni náà ò ní lò ju oṣù mẹ́fà lọ, Medicare á wá máa san iye kan lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì dé ibẹ̀ lọ́jọ́ yẹn o, kò dé ibẹ̀ o, iye náà niye náà. Inú owó yẹn ni kọ́ńpìnì á ti ra oògùn, páńpásì, bẹ́ẹ̀dì, ọ́síjìn, á tún ti san tiwa, ohun tó bá ṣẹ́kù di tiwọn. Ṣé o rí i báyìí? Gbogbo ìgbà tí mo bá kan ilẹ̀kùn aláìsàn, ìnáwó ni mo jẹ́ lójú wọn. Lóòótọ́ láti 2016 owó ọgọ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ ti pọ̀ ju ti ọjọ́ tó kù lọ, wọ́n sì ń fi díẹ̀ lé e bí nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní registered nurse tàbí social worker, ẹni tó ń bá ìdílé yanjú ìṣòro, bá lọ wo èèyàn láàárín ọjọ́ méje tó gbẹ̀yìn ayé ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń wẹ aláìsàn, tí mò ń yí i kí egbò má bàa dá sí i lẹ́yìn, mi ò sí nínú àfikún yẹn.

Wọn ò bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ báyìí o. Owó àánú ni wọ́n fi dá St Christopher's, hospice tí dókítà Cicely Saunders ṣí ní London ní 1967 sílẹ̀, àwọn tó kọ́kọ́ gbé e dé Amẹ́ríkà, ní Connecticut ní 1974, wọn ò wá èrè kankan. Ní báyìí, nǹkan bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin hospice ibẹ̀ ló jẹ́ tàwọn tó ń wá èrè. Private equity tiẹ̀ ti wọ̀ ọ́, àwọn olówó tó máa ń ra kọ́ńpìnì, wọ́n á fún un títí owó á fi jáde, wọ́n á tún un tà láàárín ọdún mélòó kan.

Tiwa ní Houston, àwọn nọ́ọ̀sì àgbà ló dá a sílẹ̀, mo bá wọn ṣe é, mo tún bá àwọn tó rà á lọ́wọ́ wọn ṣe é. Láyé àwọn ti ìṣáájú, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń jókòó, wọ́n á pe orúkọ gbogbo ẹni tó kú lọ́sẹ̀ yẹn, ẹni tó tọ́jú ẹ̀ á sọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ẹlòmíì á sunkún, nígbà míì ẹ̀rín la máa ń rín, torí aláwàdà pọ̀ nínú àwọn bàbá yẹn. Àwọn ọ̀gá tuntun ní àwọn ń sanwó wákàtí yẹn, kò sì mú nǹkan kan wọlé. Bí wọ́n ṣe fagi lé e nìyẹn. Lójú tèmi ibẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti bàjẹ́, ju bí wọ́n ṣe fi kún ilé tá à ń lọ lójúmọ́ lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi kún un dáadáa. Màmá tó o ti ń wẹ̀ láti oṣù bíi mélòó á kú láàárọ̀, lọ́sàn-án fóònù á ti dún pé àdírẹ́sì tuntun ti wọlé, o ò tíì nu ojú.

Wọ́n tún láwọn tó ń wá aláìsàn, wọ́n á máa gbé oúnjẹ lọ fáwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú arúgbó kí wọ́n lè máa darí aláìsàn sí wọn. Arúgbó tó ti ń gbàgbé nǹkan ni wọ́n ń wá jù, torí ó lè pẹ́ lọ́wọ́ wọn, kì í sì í béèrè nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí jẹjẹrẹ ń jẹ, ó lè má lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ìrora ò sì ní jẹ́ kó dá wà fún wákàtí kan. Tó bá wá di pé àwọn arúgbó náà pẹ́ jù, Medicare ní iye tí owó tí hospice kan gbà lọ́dún ò gbọdọ̀ kọjá, tó bá kọjá wọ́n á dá a padà, torí náà wàá rí i tí wọ́n á ní ara bàbá kan ti ń le, kó máa lọ. Ìwọ lo máa wo ojú ọmọ ẹ̀. Ní California jìbìtì pọ̀ débi pé ní 2022 ìpínlẹ̀ náà dá fífún hospice tuntun ní láísẹ́ǹsì dúró.

Àwọn tó ń wá aláìsàn yẹn á ti sọ fún ìdílé pé nọ́ọ̀sì wà fún yín tọ̀sán tòru. Lóru, ẹnì kan ṣoṣo ló wà fún agbègbè tó fẹ̀ tó láti Zuba dé Keffi. Ta ni wọ́n máa bú tílẹ̀ bá mọ́? Èmi tí mo kan ilẹ̀kùn ni.

Wàá ní èwo ló kàn ẹ́ ní Kubwa. Níbí kò sí Medicare, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sí nínú insurance kankan, àpò àwọn ọmọ lowó ti ń jáde. Kọ́ńpìnì á gba ti oṣù kan ṣáájú, wọ́n á wá já díẹ̀ fún ẹ níbẹ̀. Níbi tí mo ti kọ́kọ́ ṣe é ní Abuja níbí, owó táwọn ọmọ Alhaji kan ń san, ìdajì ẹ̀ ò dé ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rò pé èmi ni mò ń kó gbogbo ẹ̀, wọ́n wá ń gbé aṣọ gbogbo ilé fún mi fọ̀, àti ti àwọn àlejò. Alhaji kú nígbà tóṣù ò tíì dé ìdajì. Kí oòrùn tó wọ̀ wọ́n ti sin ín, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí, alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ́fíìsì pè mí pé owó mi dúró lọ́jọ́ yẹn, kí n kó ẹrù mi. Owó oṣù tí wọ́n ti gbà ńkọ́? Wọn ò dá a padà fáwọn ọmọ, wọn ò sì fún mi. Ìyàwó Alhaji ló fún mi lówó mọ́tò, ó ní sannu da ƙoƙari, ìyẹn ni pé ó kí mi kú iṣẹ́. Ní Houston náà, iye ìgbà tá a bá lọ ni wọ́n fi ń san tiwa, aláìsàn bá kú, owó tìẹ náà kú.

Torí náà tó o bá lọ sí Wuse, bi wọ́n léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sówó ẹ tí aláìsàn bá kú nínú oṣù. Bi wọ́n ta ló ń gbé fóònù lóru. Bi wọ́n nípa owó mọ́tò, torí látìgbà tí wọ́n ti yọ subsidy epo lóṣù karùn-ún 2023, owó ọkọ̀ ti lọ sókè, àmọ́ iye tí kọ́ńpìnì wa ń kà fún wa fún mọ́tò ò yí padà. Mọ́fíìnì olómi kì í ṣe nǹkan tí wàá rí ní kẹ́mísì àdúgbò, ilé ìwòsàn ńlá lo máa ti gbà á pẹ̀lú ìwé dókítà, ta ló máa lọ gbà á, ta ló máa san owó ọkọ̀? Tí wọ́n bá ń wo òkè, o ti gbọ́ èsì.

Má sì jẹ́ kí wọ́n fi "a ò wá èrè" mú ẹ. Mo mọ ti ìjọ kan níbí tí wọ́n jẹ nọ́ọ̀sì lówó oṣù mẹ́rin, tí wọ́n ní Olúwa á san án fún un. Ti ẹ̀gbọ́n ẹ, owó ibẹ̀ jọjú lóòótọ́, kò purọ́, kó ṣáà mọ ẹni tó ni kọ́ńpìnì ẹ̀ lónìí, torí wọ́n lè tà á lọ́la.

Nínú ìwé àdéhùn, wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé o ò gbọdọ̀ bá ìdílé aláìsàn ṣiṣẹ́ tààrà fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn tó o bá kúrò. Ní kí wọ́n yọ ọ́ kó o tó fọwọ́ sí i. Wọ́n yọ tèmi, torí aláìsàn kan ń dúró ní Gwarinpa lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì sí ẹlòmíì lọ́wọ́ wọn tó gbọ́ Hausa.