Ewé Akíntọ́lá Tó Pa Màlúù: Ṣé Oríṣi Méjì Ni?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Màlúù díẹ̀ ni mò ń sìn lẹ́yìn ìlú Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀, ọ̀kan nínú wọn jẹ ewé Akíntọ́lá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé; ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, erìgì rẹ̀ dúdú, ó sì kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń sin màlúù ní Ìkòròdú ní ewé yìí kún àyíká àwọn, kò sì tíì pa ẹyọ kan. Tiwa tó wà lábẹ́ ọ̀pẹ fẹ̀, ó sì rọ̀. Tiwọn kéré, orí rẹ̀ sì ní àwọ̀ àlùkò. Ṣé oríṣi méjì ni? — Ọlọ́sìn, Ẹ̀pẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àdánù o. Oríṣi kan náà ni. Àwọn onímọ̀ tó yẹ DNA ewé yìí wò rí i pé ìran rẹ̀ pọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru tí ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n èyí tó gba Éṣíà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìyàtọ̀ nínú ara wọn, nítorí pé irúgbìn díẹ̀ ló kọ́kọ́ kúrò nílé, ewé náà sì lè so èso láìjẹ́ pé akọ òdòdó kan abo, tí ọmọ yóò fi jọ ìyá délẹ̀. Inú irúgbìn igi mẹláínà láti Sri Lanka ló fara pamọ́ sí tó fi dé agbègbè Enúgu ní 1937. Òjìji ọ̀pẹ ló mú tiyín fẹ̀; oòrùn ló kun orí tiwọn.

Àpèjúwe yín jọ ti oró náítírétì, èròjà tí ewé ń fà láti inú ilẹ̀, tó máa ń pọ̀ nínú ọ̀mùnú àti ewé ọ̀dọ́. Nínú àpòlúkù ẹran ni yóò ti di náítíráìtì, tí yóò wọ ẹ̀jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní lè gbé atẹ́gùn mọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dà bíi ti ṣokoléètì. Dókítà ẹran tó bá tètè dé lè gún un ní abẹ́rẹ́ methylene blue. Ẹran tí ebi ń pa ló sábà máa ń kó sí i, nítorí náà ẹ fún wọn ní koríko gbígbẹ jẹ kí ẹ tó dà wọ́n jáde.

Ní Gúúsù Áfíríkà, ìran mìíràn, olódòdó funfun, ni wọ́n ní. Eṣinṣin kan tó ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá, tó ń mú kí ọ̀pá ewé náà wú kókó, dín ewé náà kù dáadáa ní Indonesia, níbi tí ìran tó jẹ́ tiwa wà, ṣùgbọ́n ìdin rẹ̀ kò lè dàgbà lórí tiwọn. Lójú tèmi, àìníyàtọ̀ yìí gan-an ni àléébù Akíntọ́lá: kòkòrò tó bá lè jẹ ti Ẹ̀pẹ́, yóò lè jẹ ti Ìkòròdú àti ti Badagry.