Káàdì ni kí o kọ́kọ́ yanjú, òtẹ́ẹ̀lì lè dúró

Àbúrò mi, kú ìmúra. O ní wọ́n ti gba pépà rẹ wọlé fún àpérò kan ní Berlin, pé o ti rí òtẹ́ẹ̀lì pọ́ọ́kú kan létí ìlú tí wàá sanwó rẹ̀ tí o bá débẹ̀, o wá ń bèèrè bóyá káàdì náírà tí o ń ná ní Àgọ́-Ìwòyè á ṣiṣẹ́. Má gbójú lé e.

Ohun tí ojú mi rí nìyí. Báńkì mi ní Ìjẹ̀bú-Òde ti fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ibi tí káàdì náà ò ti ní ṣiṣẹ́. Mo dé òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́, ó ti rẹ̀ mí tẹnutẹnu, ọmọbìnrin tó ń gba àlejò fi káàdì sẹ́rọ, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ó tún un fi, ó tún kọ̀ ọ́. Mo yọ yúrò síta, ó ní àwọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, káàdì nìkan làwọn ń gbà. Olùkọ́ kan láti Ìlíṣàn-Rẹ́mọ tó wá fún àpérò kan náà ló fi káàdì dọ́là tirẹ̀ yọ mí, mo sì ka yúrò fún un lójú ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń fi ará Rẹ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ níṣojú mi, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Nítorí náà, lọ ṣí àkáǹtì dọ́là, gba káàdì rẹ̀, kí o sì fi ra nǹkan kékeré lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí o tó kúrò nílé. Má fi iye owó yàrá géérégé síbẹ̀ o. Òtẹ́ẹ̀lì lè dá owó kan dúró lórí káàdì gẹ́gẹ́ bí ìdógò, ó sì lè pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padà sọ́wọ́ rẹ. Berlin tún ń gba owó orí lọ́wọ́ àlejò: ìdá 7.5 nínú 100 owó yàrá ni láti 2025, àwọn tó bá tiṣẹ́ wá náà sì ń san án láti oṣù kẹrin 2024. Kọ̀wé bi òtẹ́ẹ̀lì bóyá ó wà nínú iye tí o rí.

Ti létí ìlú yẹn, èmi ò fara mọ́ ọn, àfi tó bá wà nídìí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ohun tí o rò pé o jèrè, ọkọ̀ á gbà á padà, àárẹ̀ á sì jẹ ìyókù. Nínú agbègbè A, B àti C tí wọ́n fi ń ṣírò owó ọkọ̀ níbẹ̀, C ni pápákọ̀ òfurufú Berlin wà, nítorí náà tíkẹ́ẹ̀tì ABC ni kí o rà. Bó bá jẹ́ ti bébà, lu òǹtẹ̀ sí i kí o tó wọkọ̀. Àwọn tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò lè má wọ aṣọ iṣẹ́ kankan, 60 yúrò sì ni ìtanràn.

Ìwé òtẹ́ẹ̀lì tí o fi gba físà, má fagi lé e láìfi òmíràn rọ́pò; wọ́n lè bèèrè rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yẹ pásípọ́ọ̀tù wò. Bàálù alẹ́ láti Èkó máa ń balẹ̀ ní Frankfurt láàárọ̀, kí o tó wọ òmíràn lọ sí Berlin, bẹ́ẹ̀ sì ni yàrá kì í sábà ṣófo títí di aago méjì tàbí mẹ́ta ọ̀sán. Ní kí wọ́n bá ọ tọ́jú ẹrù, kí o jáde lọ jẹun. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ṣọ́ọ̀bù á tì. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ńlá ni kí o lọ.

Gbé gàrí Ìjẹ̀bú dání. Ọ̀pọ̀ yàrá ni kò ní ẹ̀rọ ìseomi, gàrí ò sì bèèrè ju omi tútù lọ, omi ẹ̀rọ wọn sì ṣeé mu. Àmọ́ ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, wàrà àti mílíìkì, fi wọ́n sílé, wọn kì í jẹ́ kó wọlé. Ra ohun ìsopọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ roboto méjì fún ṣájà rẹ ní Èkó, ó wọ́n lọ́hùn-ún.

Bí TETFund, àjọ ìjọba tó ń náwó fún ilé ẹ̀kọ́ gíga, ló ń rán ọ lọ, ní kí òtẹ́ẹ̀lì kọ orúkọ rẹ àti ti yunifásítì sórí rìsíìtì lọ́jọ́ tí o bá ń kúrò, kí o sì tọ́jú àjẹkù tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lálọ lábọ̀. Àwọn tó wà ní ẹ̀ka ìṣúná á bèèrè wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.