Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti ya máàpù gbogbo ọpọlọ eṣinṣin? Irú eṣinṣin wo?

Òótọ́ ni: oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni máàpù gbogbo ọpọlọ eṣinṣin èso tó ti dàgbà jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Nature. Kì í ṣe eṣinṣin ńlá tó ń bà lé ẹran. Drosophila melanogaster ni, kékeré olójú pupa tó máa ń rá bàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ní Ọjà Ọba, Òṣogbo (ẹni tó bá ti ta èso rí mọ̀ ọ́n dáadáa).

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ 139,255 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ojú ìsopọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 50, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ náà kò fẹ̀ tó mílímítà kan. Wọ́n gé e sí awẹ́ bíi 7,000, tó tín-ín-rín débi pé 25,000 irú rẹ̀ ló máa nípọn tó mílímítà kan, wọ́n sì fi máíkírósíkópù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ya fọ́tò wọn. Kọ̀ǹpútà ló tọ okùn sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan láti awẹ́ dé awẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé: ó lè gé sẹ́ẹ̀lì kan sí méjì, tàbí kó lẹ méjì pọ̀ di ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí FlyWire, tí Yunifásítì Princeton ṣáájú wọn, àti àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni fi ní láti fi ojú àti ọwọ́ tún un ṣe.

Abo kan ṣoṣo ni wọ́n lò. Máàpù náà sì ń fi sẹ́ẹ̀lì tó so mọ́ra hàn ni, kò fi ohun tí eṣinṣin ń rò hàn. Ti ènìyàn, tó tó sẹ́ẹ̀lì bílíọ̀nù 86, ṣì jìnnà.